Búta Ìyá Mi Kò Jò

"Kí wọ́n tó pe ìrun Àyílà, ọkọ̀ yìí á ti kúrò níwájú ilé."

Bàbá Kékeré ló sọ bẹ́ẹ̀, àbúrò bàbá mi, ẹni tí gbogbo àdúgbò wa ní Deido, nílùú Douala, mọ̀ sí Alájì Mùktárù. Ó dúró ti ọkọ̀ pupa onílẹ̀kùn méjì tí bàbá mi fi sílẹ̀ kó tó kú. Ọkọ̀ eré sísá ni, láti ìgbà tí bàbá mi ṣì jẹ́ géńdé. Ó rẹlẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́, àfi kó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń kí àna rẹ̀.

Ọkùnrin kan láti Yassa ló fẹ́ wá rà á, kó lè tú u palẹ̀, kó sì máa tà á ní wẹ́wẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ọkọ̀ náà ò ju ọ̀kan lọ: ó ń mumi. Tá a bá bu omi kún rédíétọ̀ láàárọ̀, kí ìyá mi tó wà á dé ọjà Sandaga níbi tó ti ń ta àlùbọ́sà, ẹ́ńjìnnì á ti gbóná, èéfín á máa rú. Bẹ́ẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ẹ ò ní rí ẹ̀kán omi kan.

Silas, mẹkáníìkì wa, nu ọwọ́. "Maman, gbogbo rọ́bà ni mo ti pààrọ̀. Kò jò síta. Á jẹ́ pé inú ẹ́ńjìnnì ló ń bá lọ. C'est fini, ó ti parí nìyẹn."

"Ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹ." Bàbá Kékeré ṣí ilẹ̀kùn, ó tọ́ka sí kápẹ́ẹ̀tì tó rin gbingbin níbi tí èrò máa ń gbé ẹsẹ̀ lé. "Ẹ tún wo èyí! Búta àlùwàlá tẹ́ ẹ̀ ń gbé kiri ló ti ba ilẹ̀ ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́. Ṣé ọkọ̀ ni àbí balùwẹ̀, Ìyá Sakinah?"

Ìyá mi ò wolẹ̀. "Ọkọ mi," ó ní, torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pe gbogbo ọmọ ilé tó bá nílé ọkọ, "búta mi ò jò. Inú ọkọ̀ yìí ni ẹ̀gbọ́n yín ti kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà, nígbà tẹ́ ẹ̀ ń sọ pé obìnrin ò gbọdọ̀ wà á. Òun ni mo fi ń gbé e lọ sí ọsibítù títí ọlọ́jọ́ fi dé. Mi ò tà á."

"Ta ló bi yín bóyá ẹ ó tà á?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Èmi Sakinah kì í dá sọ́rọ̀ àgbà. Ẹ̀bá ògiri ni mo máa ń jókòó sí, kí n máa gbọ́. Mo dìde. Mo gbé búta jáde, mo pọn omi kún un dẹ́nu, mo gbé e ka orí páálí lójú gbogbo wọn, mo sì dúró tì í.

"Kí lọmọ yìí ń ṣe?" Silas rẹ́rìn-ín.

Bàbá Kékeré pe ọkùnrin Yassa lórí fóònù, wọ́n sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi kí ara wọn pé ó dàbọ̀. Páálí ṣì gbẹ táútáú. Mo wá ki ìka bọ kápẹ́ẹ̀tì. Omi ibẹ̀ ń yọ̀ bí ọṣẹ, ó láwọ̀ ewé, òórùn rẹ̀ dà bíi ti ṣúgà tó jóná.

"Bàbá Kékeré, ẹ má bínú. Omi àlùwàlá kì í yọ̀. Kì í sì í láwọ̀ ewé. Omi tá à ń rà fún rédíétọ̀ ló máa ń rí bẹ́ẹ̀."

"Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni mo ń bá yín sọ̀rọ̀, sà." Mo na ìka náà sí i. "Bàbá mi máa ń sọ pé ìlú olótùútù ni wọ́n ti ṣe ọkọ̀ yìí. Ó ní rédíétọ̀ kékeré kan wà lábẹ́ dáṣíbọ̀ọ̀dù, omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì á gbabẹ̀ kọjá kí ara awakọ̀ lè móoru. Á wá rẹ́rìn-ín: ta ló ń yáná ní Douala?"

Silas fọwọ́ gbá iwájú orí. "Chauffage! Jésù! Kò sẹ́ni tó ń tàn án, kò wá sí mi lọ́kàn." Ó ti ki orí bọ abẹ́ dáṣíbọ̀ọ̀dù. "Ibí ló ti lu! Rọ́bà méjì tó ń gbé omi wá síbí, màá so wọ́n pọ̀ mọ́ra. Omi ò ní débẹ̀ mọ́."

"Má fọwọ́ kàn án!" ni Bàbá Kékeré pariwo. "Mo ti bá ọkùnrin yẹn sọ ọ́ parí!"

Ìyá mi gbé àpótí ìdáná rẹ̀ wá síwájú ọkọ̀, ó jókòó lé e. "Silas, ṣiṣẹ́ ẹ. Ẹni tó bá fẹ́ wọ́ ọkọ̀ yìí lọ, kó kọ́kọ́ wọ́ mi."

Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án. Silas ń fún rọ́bà le lọ́wọ́ nígbà tí ọkùnrin Yassa dé pẹ̀lú ọkọ̀ ńlá àti ṣéènì. Ìyá mi ò tilẹ̀ wo ṣéènì náà. Ó bu omi kún rédíétọ̀, ó pè mí wọlé, ó sì ṣáná sí i.

A gun afárá Wouri lọ sí Bonabéri, a tún yí padà, nínú oòrùn, láàárín àwọn ọkọ̀ ẹrù tí kò rìn tí kò dúró. Ojú mi ò kúrò lára gééjì tó ń fi ìgbóná ẹ́ńjìnnì hàn. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró sáàárín gbọnin. Mo fọwọ́ kan kápẹ́ẹ̀tì. Omi tuntun ò wá.

Nígbà tá a padà délé, ọkùnrin Yassa yẹ gééjì wò, ó sì mi orí. "Alájì, òkú ọkọ̀ lẹ ní kí n wá gbé. Ẹni tó ni èyí ṣì ń wà á." Ó ká ṣéènì rẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Wọ́n ń pe ìrun Àyílà. Bàbá Kékeré wo ọ̀nà, kò rí takisí kankan. Ìyá mi ṣílẹ̀kùn.

"Ọkọ mi, ẹ wọlé ká gbé yín dé mọ́ṣáláṣí."

Mo ti fún ara mi pọ̀ sẹ́yìn. Bàbá Kékeré wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá bẹ̀rẹ̀ gan-an bí ẹni tó ń kí àna, ó wọlé. Ìyá mi gbé búta, omi kún inú ẹ̀ dẹ́nu, ó gbé e lé e nítan, lórí jalabíà funfun.

"Ẹ bá mi dì í mú," ó ní. "Tó bá jò, ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ mọ̀."