Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Jí Ẹni Tó Wà Lórí Ení

Òfin méjì ló wà ní ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Kambolé. Ìkínní, ọmọ kò gbọdọ̀ pẹ́. Ìkejì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jí olùkọ́ tó wà lórí ení. Àwọn ọmọ ń pẹ́ lójoojúmọ́. Òfin kejì ni a kò tíì rú rí.

Inú yàrá tí a ń kó ìwé sí ni ení náà wà. Olùkọ́ mẹ́fà ni wá. Ẹni tó bá rẹ̀ yóò lọ sùn fún wákàtí kan, ẹlòmíràn yóò sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Bàbá Sàkáríyà, directeur wa, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ló ṣòfin náà. Ó ní bí ìjọba fúnra rẹ̀ bá dé, kó jókòó kó dúró.

Ìjọba dé ní Àtàláátà.

Alàmísì ni inspecteur, aṣojú ìjọba tó ń yẹ olùkọ́ wò, yẹ kó wá wo bí Jàríátù ṣe ń kọ́ni. Jàríátù ló kéré jù nínú wa, ọmọ méjìdínlọ́gọ́rin ló sì wà ní CP1 rẹ̀, kíláàsì àkọ́kọ́. Lọ́dún tó kọjá, ohùn rẹ̀ há láàárín ẹ̀kọ́, wọn kò fún un ní ìwé-ẹ̀rí olùkọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù tó lè gbìyànjú. Àfi bí ọkùnrin náà ṣe gun alùpùpù láti Sokodé, tó gba Tchamba kọjá, tó sì wọlé tọ̀ wá pẹ̀lú eruku pupa dé ìpéǹpéjú.

"Olùkọ́ CP1 dà?"

Èmi Kàsúmù ni mo dúró níwájú ọmọ mọ́kànléláàádóje, tèmi àti ti Jàríátù, nítorí ohùn rẹ̀ tún ti há láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ń wá irọ́ tó dára. Àwọn ọmọ ti dáhùn pọ̀: "Ó ń sùn, Mùsíọ̀."

"Ẹ jí i."

Bàbá Sàkáríyà bu omi wá. "Ó ku ìṣẹ́jú méjìdínlógún, ọ̀gá. Ẹ jókòó. Omi rèé."

Inspecteur gba omi náà, ó lọ jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn.

"Bàbá, ẹ ti ba tọmọ yìí jẹ́," ni mo sọ wẹ́lẹ́.

"Kàsúmù, kọ́ wọn níwèé."

Nígbà tó tó àkókò, Jàríátù jáde, àmì ení lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó rí àlejò, ó dúró díẹ̀, ó mú ṣọ́ọ̀kì. Ohùn rẹ̀ ti padà. Ìṣirò ìyọkúrò ló ń kọ́ wọn: ó sọ àwọn ọmọ di iṣu, ó tò wọ́n jọ, wọ́n ń yọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń ka ìyókù. Ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń kọ́ni, n kò rí irú rẹ̀. Mo fi ìyangàn yíjú, kí n lè wo ojú inspecteur.

Ó ti sùn lọ. Bírò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Kàsúmù," ni Jàríátù wí, omi ti gba ojú rẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jí i."

Gbogbo wa wo Bàbá Sàkáríyà. Ó lọ ti fèrèsé kí oòrùn má baà ta àlejò lójú.

Ìgbà tí inspecteur jí, ó bínú. "Kí ló dé tí ẹ kò jí mi?"

Jàríátù fúnra rẹ̀ ló fèsì. "A kì í jí ara wa níbí, ọ̀gá."

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ni ní Bago," ni inspecteur wí. "Èmi nìkan. Kò sẹ́ni tó gba ọmọ lọ́wọ́ mi rí kí n lè sinmi." Ó ṣí ojú ìwé tuntun. "Madame, ṣé ohùn yín ṣì wà?"

"Ó wà dáadáa."

"Ẹ tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Àwọn iṣu ti mọ iṣẹ́ wọn, kò sí ọ̀kan tó ṣìnà. Kí a tó kírun ọ̀sán, inspecteur ti buwọ́ lùwé. Àwa mẹ́fà la fò sókè, bíi pé gbogbo wa la yege, a sì yege lóòótọ́.

Lọ́jọ́ ọjà Tchamba, Bàbá Sàkáríyà ra ení kejì. Ó ní ti àlejò ni.