Ọjọ́ Tí Bẹ́ǹṣì Lọ Sípàdé

Eyín ló gbé mi dé ilé ìwòsàn abúlé wa láàárọ̀ ọjọ́ náà, kì í ṣe ìpàdé. Mo bá ilẹ̀kùn ní títì pa. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a ti máa ń jókòó de nọ́ọ̀sì, kò sí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo.

"Ẹ má bínú," ni bàbá tó ń ṣọ́ géètì wí. "Alága ìjọba ìbílẹ̀ wa ní kí wọ́n kó gbogbo bẹ́ǹṣì lọ sí gbọ̀ngàn ìlú fún ìpàdé òun. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn aráàlú. Nọ́ọ̀sì náà wà níbẹ̀, òun ló ń pín omi fún àlejò."

Àwa aláìsàn wo ara wa lójú. Aboyún kan ní òun ò lè nàró mọ́. Kí la fẹ́ ṣe? A tẹ̀ lé bẹ́ǹṣì wa.

Ìyá Alága fúnra rẹ̀ wà láàárín wa, ó ń tiro. Egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, òní ló yẹ kí wọ́n fọ̀ ọ́. Bẹ́ǹṣì iwájú pátápátá ló jókòó sí.

Alága wọlé, ó rí èrò, ẹnu rẹ̀ ò pa dé mọ́. Ó gbá maiki mú.

"Ẹ wo èrò láàárọ̀ kùtù! Ẹ wo ìyá tó bí mi níwájú! Ìjọba tó ń gbọ́ tará ìlú nìyí o. Ta ló ní ẹ̀dùn ọkàn? Ẹ nawọ́ sókè."

Ẹnikẹ́ni nínú wa ò nawọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, àmọ́ ta ló fẹ́ dójú ti ọmọ níwájú ìyá rẹ̀? Ẹnì kan pàtẹ́wọ́, la bá bá a pa á. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń pa á. Ó sọ̀rọ̀ títí, à ń pàtẹ́wọ́ títí. Eyín mi nìkan ni kò bá wa dá sí i.

Nígbà tó parí, ó sọ̀ kalẹ̀ wá kí ìyá rẹ̀, maiki ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màámi, ẹ ṣé gan-an tí ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ mi."

"Ọ̀rọ̀ wo? Bẹ́ǹṣì ni mo tẹ̀ lé. Ẹsẹ̀ mi ni mo fẹ́ kí wọ́n fọ̀. Tí wọ́n bá ń kó o padà, ní kí wọ́n gbé mi mọ́ ọn."

Gbogbo gbọ̀ngàn ló gbọ́.

"Kí ló dé tí ẹ ò nawọ́, Màámi?"

"Ṣé kí n wá dójú tì ẹ́ láwùjọ ni?"

Alága gbójú sókè. Bóyá ìgbà yẹn ló tó rí wa dáadáa: ọmọ tí ibà ń ṣe lẹ́yìn ìyá rẹ̀, aboyún tó fara ti ògiri, ọkùnrin tó fi aṣọ di orí, èmi tí mo di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Èrò tó ń fi yangàn, àwọn aláìsàn ni. Nọ́ọ̀sì dúró lẹ́yìn, ó gbé omi dání, kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Ojú gba Alága tì. Ojú gba àwa tí a pàtẹ́wọ́ náà tì.

Ó pa maiki, ó gbé e sílẹ̀. Ó lóṣòó síwájú ìyá rẹ̀, ó wo egbò náà fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò ròkè mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní ẹ̀dùn ọkàn?"

Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ sókè.