Ohun Tí Shinobu Fi Ẹnu Ara Rẹ̀ Kọ́ Wọn

Àwọn ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan ń gbé nínú ilé alájà kan ní Saitama, ní ilẹ̀ Japan. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé ẹ̀kọ́ tán ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n á jókòó sílé ọ̀kan nínú wọn, wọ́n á jẹun, wọ́n á sì fi ọ̀rọ̀ ọkọ wọn ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà tó kan Shinobu, ìyá Chihaya, ó se núdù, ó sì da ìfun màlúù díndín tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Nara sínú omi ọbẹ̀ rẹ̀.

Ìyá Gentaro jẹ tiẹ̀ tán, ó tún na abọ́.

"Ìyá Chihaya, ẹ ò ṣeun o! Ṣé ẹ fẹ́ kí n sanra kí ọkọ mi lé mi ni? Kí lẹ fi sí i?"

"Ìfun màlúù ni. Oúnjẹ àdúgbò wa ni."

Láti ìgbà tí Shinobu ti kúrò nílé, kò gbé oúnjẹ yìí síwájú àlejò rí. Bóyá ìdùnnú yẹn ló tú u lẹ́nu.

"Ọmọ buraku ni mí."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

"Buraku? Ṣebí abúlé nìyẹn?" Ìyá Wakana bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ Hokkaido ni, lókè àríwá lọ́hùn-ún tí wọn ò ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí. "Abúlé ni wọ́n bí èmi náà sí. Màlúù pọ̀ ju èèyàn lọ níbẹ̀!"

Ibẹ̀ ló yẹ kí Shinobu fọ̀rọ̀ náà sí. Ṣùgbọ́n ó dùn ún. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ lé ìyá rẹ̀ àgbà kúrò nílé ọkọ, tí bàbá rẹ̀ fi ń purọ́ ibi tó ń gbé nígbà tó ń wáṣẹ́, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà! Ló bá ṣàlàyé.

"Àwọn baba ńlá wa ló ń bó awọ ẹran, tí wọ́n ń palẹ̀ òkú ẹran mọ́. Wọ́n ní aláìmọ́ ni wá. Wọn kì í fẹ́ wa, wọn kì í bá wa jẹun."

Ìyá Gentaro rọra gbé abọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé òun gbé e kalẹ̀.

"Àbí ara àwọn tó wá láti Kòríà ni yín?" ló bèèrè.

"Rárá o. Ará ibí ni wá, bíi tiyín. Kò sí ìyàtọ̀ kankan."

"Ẹ ò tiẹ̀ jọ ọ́," ni Ìyá Wakana wí. Inú rere ló fi sọ ọ́. "Ẹ mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n wọn ò kàn lè ṣàdédé kórìíra yín. Nǹkan kan á ti wà tí wọ́n ṣe nígbà náà."

Shinobu dìde, ó ń kó abọ́ jọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ilé Ìyá Gentaro ni wọ́n pàdé. Obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé sínú ilé alájà náà, Ìyá Itsuki, ti wà níjókòó. Ìyá Gentaro nawọ́ sí Shinobu.

"Ìyá Chihaya tí mo sọ fún yín nìyí. Ṣùgbọ́n èèyàn dáadáa ni o!"

"Ṣùgbọ́n kí ni?" Shinobu bi í.

"Háà, ẹ má bínú. Mo kàn ń yìn yín ni."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ni?"

Ìyá Itsuki ń wo ọwọ́ Shinobu bí ẹni ń wá nǹkan lára ẹ̀. Ìyá Wakana tẹ orí ba fóònù rẹ̀.

Obìnrin tuntun yìí ò tíì rí i rí, ó sì ti mọ̀ pé ọmọ buraku ni. Kò sí ìkórìíra kankan nínú ilé yìí tẹ́lẹ̀. Shinobu fúnra rẹ̀ ló pè wọ́n jókòó, tó sì kọ́ wọn.

Ẹlòmíràn ì bá dìde, kó wọ bàtà rẹ̀. Shinobu ò dìde. Ó ní kí wọ́n fún òun ní tíì, ó sì ń mu ún díẹ̀díẹ̀ láàárín wọn, tí kò sẹ́ni tó lè rẹ́rìn-ín, tí kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀ ọkọ. Ó mọ̀ pé òun ò ní wá síbẹ̀ mọ́ láéláé. Ìdí nìyẹn tí kò fi kánjú.