Ìrìn Ológbò

Ìkòkò já lu ológbò náà lórí, gbàgà! Orí rẹ̀ wọnú ọrùn lọ bí orí ìjàpá. Eku kékeré tó ti ìkòkò ọ̀hún ṣubú ti sá wọ ihò, ó ń yọ ahọ́n síta. Gbogbo òǹwòran bú sẹ́rìn-ín. Ológbò wá dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn: ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, ó da ìbàdí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wọ́ tòsì tẹ̀ lé e bí ẹni ń fa àpò ìrẹsì.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti kú lẹ́nu aránṣọ kan tó jókòó láàárín wọn ní gbọ̀ngán sinimá. Ìrìn yẹn, òun ló ni ín. Láti ọjọ́ tó ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn tí egungun ìbàdí rẹ̀ yẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ń rìn. Ọkọ rẹ̀ ló sì ya ológbò; iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, àwòrán tó ń rìn, tí wọ́n ń fi dá àwọn èèyàn lára yá kí sinimá gan-an tó bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin fi ìgbúnwọ́ gún un. “Ẹ̀gbọ́n mi, ìrìn ológbò yìí jọ tẹnì kan o.”

“Ta ni?”

“Mi ò dárúkọ o. Ẹ ò tíì rán búláòsì mi tán.”

Aránṣọ dìde.

“Ẹ jẹ́ n sìn yín.”

“Jókòó. Ẹ̀rín rẹ ò tíì tán.”

Aránṣọ jáde kúrò ní gbọ̀ngán. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló kúkú wà! Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí ọkùnrin yìí ń wá mú òun ní ṣọ́ọ̀bù, tó ń yá òun léjìká títí dé ilé, àṣé ẹsẹ̀ òun ló ń ṣọ́, kó lè lọ fi pa ayé lẹ́rìn-ín! Ó gun àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, ó ń to èébú jọ bó ṣe ń gùn ún.

Ọkọ rẹ̀ wà níwájú dígí gíga. Àwọn ayàwòrán ibẹ̀ kì í ya ìṣesí kankan láì kọ́kọ́ ṣe é fún dígí wò: kí ológbò tó fò, ayàwòrán á ti fò, kó tó sunkún, ayàwòrán á ti fún ojú pọ̀.

“Ṣé èmi lo wá sọ di ológbò?”

“Abẹ́rẹ́ mi, kí ló dé?”

“Má pè mí lábẹ́rẹ́! Odindi gbọ̀ngán ló ń fi ìbàdí mi rẹ́rìn-ín!”

“Ìbàdí rẹ kẹ̀? Èmi ni mo ṣe é fún dígí. Ara mi ni mo yà.”

“Irọ́! Ẹsẹ̀ tìrẹ pé. Rìn, kí n rí i.”

Ọkọ rìn láti ibi dígí dé ojú fèrèsé. Ó gbé ọ̀tún síwájú, ó da ìbàdí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wọ́ tòsì tẹ̀ lé e. Ó yíjú padà, ó gbé àyà sókè.

“Ṣé o rí i? Gbọnrangandan.”

Aránṣọ tẹjú mọ́ ọn. Láti ìgbà tó ti ṣubú, ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ ló máa ń wà, ojú rẹ̀ a máa wo ilẹ̀. Kò tíì dúró lókèèrè wo ìrìn ọkùnrin náà rí. Èjìká ọ̀tún rẹ̀ ti wọlẹ̀ ju tòsì lọ, níbi tí apá òun máa ń sinmi lé gan-an. Ewé tó bá pẹ́ lára ọṣẹ… Kò parí òwe náà.

“Mo rí i,” ló sọ. “Ṣùgbọ́n ìkòkò yẹn ò gbọdọ̀ já lu ológbò mọ́ o. O gbọ́ mi?”

“Eku ńkọ́?”

“Eku ni kó já lù.”

Ó na apá, èjìká náà sì wá bá a. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹni tó bá wà nísàlẹ̀, tó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn, á rò pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń bọ̀.