Àwọn Táyà Bùsàrí

"Ìyá Jamilah, ẹ pa ẹ̀rọ yẹn ná," ni Alhaji Mọ́ṣúdù, ará ilé kejì, wí lẹ́nu ọ̀nà. "Injiníà tí mo ní ó ń bọ̀ láti Ìkòròdú ló dé yìí. Bó bá ní ẹ̀rọ yín ló ń la ògiri mi, ẹ ó gbé e kúrò o."

Wàsílátù pa ẹ̀rọ ata. Ohun kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀, Bùsàrí, fi sílẹ̀ kó tó kú nìyẹn, òun ni wọ́n sì fi ń jẹun ní Ẹ̀pẹ́.

Bólúwají, injiníà náà, gbé ife omi kan sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní kí Wàsílátù tan ẹ̀rọ padà. Omi inú ife bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Láti ìgbà wo ni ògiri ti ń là, mà?"

"Lẹ́yìn fìdáù ogójì ọjọ́ ọkọ mi ni."

"Kí lẹ ṣe síbí nígbà náà?"

"Mo kàn tún ibẹ̀ ṣe nítorí àlejò ni. Mo da kọnkéré, mo ní kí wẹ́dà fi bóòtù de ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ pinpin, kó má baà mì mọ́. Mo sì kó àwọn táyà tí bàbá Jamilah gé sábẹ́ ẹ̀ kúrò. Ogún ọdún ni mo fi bá a jà lórí ìdọ̀tí yẹn."

"Ìdọ̀tí kọ́, mà. Ẹ̀rọ ò lè ṣe kó má gbọ̀n. Rọ́bà táyà yẹn ló ń gba gbígbọ̀n náà mọ́ra, tó ń pa á kú kó tó délẹ̀. Ní báyìí, kọnkéré ń gbé gbogbo ẹ̀ lọ bá ògiri Alhaji. Afárá ńlá pàápàá, a máa ń tẹ́ rọ́bà sábẹ́ ẹ̀."

Ẹ má bú Wàsílátù, obìnrin tó fẹ́ràn ìmọ́tótó ni. Àmọ́ àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Gbogbo ìgbà tó bá pariwo lórí táyà, Bùsàrí á ní, "Mo gbọ́, ìyá Jamilah," á bu omi ọṣẹ, á fọ̀ wọ́n, á sì tò wọ́n padà. Kò bá a jà rí. Ó wá dun Wàsílátù wọra báyìí.

Orí òrùlé ilé adìyẹ ni Wàsílátù ti kó àwọn táyà náà wálẹ̀. Bólúwají ti tú bóòtù tán, ó fẹ́ gbà wọ́n.

"Ẹ dúró ná." Wàsílátù bu omi ọṣẹ, ó fọ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí wọ́n tò wọ́n sábẹ́ ẹ̀rọ tán, tí wọ́n tan ẹ̀rọ, omi inú ife mì díẹ̀, ó dákẹ́. Alhaji wò ó títí.

"Màá rẹ́ ògiri mi," ló wí. "Ẹ máa lọ ata yín."

Wàsílátù bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan táyà.

"Mo gbọ́, bàbá Jamilah," ló wí.