Ohun Tí Fúnmiọlá Rí Tí Kò Sọ

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní ọ́fíìsì wọn ní Greenbelt, ní Amẹ́ríkà, Fúnmiọlá rí àṣìṣe nínú iṣẹ́ Ẹ̀gbọ́n Ọlágúnjú, ó sì panu mọ́.

Ẹ má tíì bínú sí i. Sáfà tí wọ́n ń tọ́jú, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá kan, ni bọ́tìnnì táwọn arúgbó tó ń dá gbé ń fi kọ́rùn máa ń ké sí bí nǹkan bá ṣe wọ́n. Wọn ò gbọdọ̀ pa á, nítorí náà bó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ṣe ń tún inú rẹ̀ ṣe. Ibi ìrántí ẹ̀rọ tí àwọn àṣẹ pàtàkì wà, títì pa ni, kí ohunkóhun má baà kọ ìkọkúkọ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe á ṣí i, á kọ tirẹ̀, á tì í padà kíá. Ṣùgbọ́n bí àtúnṣe bá kùnà lágbedeméjì, ńṣe ni kóòdù tí Ẹ̀gbọ́n kọ máa sá jáde láìtì í padà.

Fúnmiọlá ló yẹ kó yẹ iṣẹ́ náà wò kí wọ́n tó gbé e sórí sáfà. Ẹ̀gbọ́n ló gbà á sílé nígbà tó ti Ìbàdàn dé, òun ló bá a wá iṣẹ́ yìí. Ṣé kó wá máa kọ "àṣìṣe" sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ lójú àwọn òyìnbó? Ó ní òun á dọ́gbọ́n sọ ọ́ fún un lọ́sàn-án. Ó buwọ́ lù ú.

Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí àtúnṣe náà fi kùnà. Ibi ìrántí náà wà ní ṣíṣí, ètò kọ̀ǹpútà mìíràn kọ ìdọ̀tí lé àwọn àṣẹ náà, sáfà sì dákú fún ogójì ìṣẹ́jú. Ìyá àgbà kan ṣubú ní bálùwẹ̀ ní ìlú Cheverly. Ó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ títí, kò sẹ́ni tó gbọ́. Orí ilẹ̀ tútù ni ọmọ rẹ̀ bá a, ìbàdí rẹ̀ ti kán.

Wọ́n ní kí Ẹ̀gbọ́n máa lọ sílé. Fúnmiọlá sáré bá a níbi mọ́tò rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo rí i kí n tó approve ẹ̀. Mi ò fẹ́ dójú tì yín ni."

"O rí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ẹ̀gbọ́n ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀. "Fúnmi, ká ní àjèjì ni ẹ́, wàá ti sọ fún mi."

Fúnmiọlá fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" náà ló tún jáde lẹ́nu rẹ̀.