Ìránṣẹ́ Kì Í Wọlé

Fúnmi, má tíì lọ síbi iṣẹ́. Jẹ́ kí n rọ́ àlá tí mo lá fún ẹ.

O mọ̀ pé láti àná ni wọ́n ti fi oògùn pirositagilandini sí àbúrò mi Bísí lábẹ́ ní ọsibítù, kí ilé ọmọ lè máa sún kì, kí ó lè bímọ. Lójú àlá, èmi gan-an ni oògùn náà. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ò ju "Ó ti tó àsìkò" lọ.

Mo dé ibi ògiri ilé ọmọ rẹ̀, ògiri pupa kan tó kún fún ilẹ̀kùn, mo sì ń gbọ́ igbe Bísí lẹ́yìn rẹ̀. Mo kan ilẹ̀kùn kan. Ìyá àgbà kan yọjú, ó gbọ́ iṣẹ́ tí mo jẹ́, ó ní ìránṣẹ́ kì í wọlé. Mo wá ń gbọ́ tí wọ́n ń tú kálísíọ̀mù, èròjà tó ń mú kí iṣan sún kì, jáde nínú àpò bí òkúta wẹ́wẹ́, ògiri sì sún kì. Inú mi dùn. Mo kan èkejì, mo jẹ́ iṣẹ́ kan náà fún ìyá tó ṣí i, àfi bí ògiri ṣe dẹ̀ bí fùfú tí omi ti pọ̀ jù.

Mo ní, "Mà, iṣẹ́ kan náà mà ni mo jẹ́."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Àwa tá a gbà á la yàtọ̀."

Gbogbo ilẹ̀kùn tó kù wá dà bíi tiẹ̀. Mo ń kàn wọ́n, mo ń bẹ̀ wọ́n, ohùn Bísí sì ń lọ sílẹ̀. Ìgbà tí mo máa jí, pátákó bẹ́ẹ̀dì ni mo ń lù.

Mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, mi ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Fóònù tó ń dún yẹn, ọkọ Bísí ni. Bá mi gbé e, jọ̀ọ́.